Ilá Ìyá Àlàní

Ọjọ́ Ajé, 6/5/96
Edunabon lónìí. Wọ́n ní arúgbó kan, Ìyá Àlàní, nìkan ló ṣẹ́kù tó ń gbin ilá pupa ayé ọjọ́un, èyí tí kì í tètè gbó. Àwọn yòókù ti kó sí ilá àgíríìkì. Bí màmá bá lọ, ó parí nìyẹn. Màmá wo bàtà mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wọlé, wọ́n pẹ́. Wọ́n bu irúgbìn ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi. Inú mi dùn dé Ifẹ̀. Ó di inú fíríìjì ọ́fíìsì wa, níbi tá à ń kó irúgbìn àtijọ́ pamọ́ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14/5
Mo ti gbin ogún wóró lọ́sẹ̀ tó kọjá láti fi dán an wò. Òdo! Ẹyọ kan ò hù. Tòmátò Ìpetumodù hù, ata hù – inú fíríìjì kan náà. Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, tá à ń pè ní Awò-Ojú, ní mo fi oòrùn pa á nínú mọ́tò. Oòrùn wo? Òjò ló pa wá bọ̀!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18/5
Mo padà lọ bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn. Màmá ní ṣé ó hù? Ta ló máa wo ojú àgbà, kó ní irúgbìn wọn kú? Mo ní ó hù dáadáa, a kàn fẹ́ fi kún un ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé, wọ́n tún pẹ́, wọ́n tún fún mi. Wọ́n ń wúkọ́ o. Ilá tiwọn sì tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìnkùlé. Kò yé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28/5
Òdo lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́bọ̀, 30/5
Ọ̀gá ní kí n kọ àbájáde sí régístà. Mo fi àyè sílẹ̀. Kí ni kí n kọ? Mo ti pààrọ̀ ilẹ̀, mo ti rẹ ẹ́ sómi. Àbí ọwọ́ mi ni kò dáa? Orí mi dàrú.

Ọjọ́ Ajé, 10/6
Ìyá Àlàní ti kú. Háà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15/6
Mo lọ kí wọn. Ràbíátù, ìyàwó Àlàní, gbé àga fún mi. Lẹ́yìn àdúà, ó ní Àǹtí, ṣé irúgbìn màmá hù? Nínú ilé ọ̀fọ̀! Mo ní ó hù, ó hù dáadáa, kí màmá sinmi.

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fi ìdì kékeré kan hàn mí, ó sì tún un so. Ó ní omi gbígbóná ni màmá dà sí irúgbìn náà, wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n tó fún mi, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Màmá ní ẹni tí kò lè sọ fáwọn pé irúgbìn àwọn kú, kò ní sọ bó bá kú sí i lọ́wọ́. Irúgbìn tó wà láàyè ló wà nínú ìdì yẹn. Màmá ní kó fún mi bí mo bá sọ òótọ́.

Mo pariwo: kò hù, Ràbíátù, kò hù rárá! Ó ní mo ti dáhùn. Ọ̀rọ̀ òkú ni, òun ò lè yí i. Òun máa gbìn ín. Bí ilá bá wù mí, kí n wá rà á lọ́jà.

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Irọ́ tèmi ló kùtà lónìí. Ojú tì mí débi pé mi ò rí ọ̀nà. Mo yà ní ọ́fíìsì, mo ṣí régístà, mo kọ ọ́ síbi àyè tí mo fi sílẹ̀: Ilá Ìyá Àlàní, Edunabon. Kò hù.