Èmi Kọ́ Ni Mo Ka Ìkéde Yẹn

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Òkun o, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa, ẹ̀yin tí ẹ bí mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bùọ̀dá Sàmúẹ́lì, ẹ̀gbọ́n mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibi tí mo ti dárúkọ yín. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Mo kí àwọn ìyá ìjọ, mo kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ ilé wa. Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi tí mò ń kọ ọ́ kò ní àlàáfíà. Inú ń bí mi. Mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kí gbogbo èèyàn kà á, nítorí pé gbangba ni wọ́n ti dójú tì yín.

Nígbà tí mo pè yín lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ní ẹ ti lọ kúnlẹ̀ nílé olóògbé Bàbá Ràmátù, pé ẹ bẹ opó rẹ̀ nítorí ìsọkúsọ tí mo sọ sí ọkọ rẹ̀ lórí rédíò. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ti tán, kí n gbé e jẹ́ẹ́. Màmá, n kò lè gbé e jẹ́ẹ́. Èmi kọ́ ni mo ka ìkéde yẹn. Inú yàrá mi ní àdúgbò Felele, ní Lọ́kọ́ja níbí, ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, mò ń fọ aṣọ. Ẹ̀rọ ló kà á, ohùn mi ló sì fi kà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ láti òkè Agbaja, ilé wa, wá sí Lọ́kọ́ja, iṣẹ́ rédíò yìí ni mo dì mú. Èmi ni mò ń kí àwọn olùgbọ́ láràárọ̀, tí mò ń ka ìkéde òkú àti ti ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n gbà mí sí, bẹ́ẹ̀ ni mo sì wà. Ẹ mọ̀ pé n kò ní ará nílùú yìí. Ooru ibí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Bí mo bá délé, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Ohun tó ń fún mi láyọ̀ ni pé bí mo bá kí àwọn olùgbọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ mi níbi tí ẹ ti ń dáná.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ọ̀gá wa pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, ti dé sí iṣẹ́ wa, pé wọn yóò dán gbogbo wa wò kí wọ́n lè mọ ohun tí oníkálukú mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ṣe dáadáa, wọn yóò kọ́ ọ sí i, wọn yóò sì yan olórí ẹ̀ka tuntun láàárín wọn. Màmá, mo gbá a mú. Fóònù mi ni mo fi ń kọ́ ọ. Mo kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà, mo kọ́ bí a ṣe ń yẹ ohun tó bá kọ wò, torí pé ó máa ń parọ́ láìmọ̀ pé irọ́ ni. Mo rí i pé Yorùbá rẹ̀ kò gún, pé tí a kò bá fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, ohun tó bá wù ú ló máa kà. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò mi. Nígbà tí èsì jáde, èmi ni mo ṣe dáadáa jù. Ẹ rántí pé mo pè yín lọ́jọ́ náà, tí ẹ sì gbàdúrà fún mi títí owó fóònù mi fi tán.

Olùkọ́ tí wọ́n gbà láti ìta láti wá dán wa wò ní ìdánwò mi ṣì ku apá kan. Ó ní kí n máa kàwé sínú ẹ̀rọ: ìtàn, orúkọ abúlé, oríṣiríṣi ìkíni, kí n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń gbọ́ Yorùbá dáadáa ni. Mo gbà á gbọ́. Mo kà á títí ọ̀fun fi ń dùn mí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ẹni tí kò bá wa ṣe ìdánwò kankan wá láti ìta, wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka náà. Wọ́n ní kí n ṣì dúró sílé ná, pé àwọn yóò pè mí. Ọjọ́ kan ni mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Crusher, awakọ̀ tan rédíò, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń kí mi pé ẹ káàárọ̀. Awakọ̀ ní obìnrin yìí mọ̀ ọ́n kà. Ìwé tí mo kà sínú ẹ̀rọ ni wọ́n ti fi kọ́ ọ láti máa fi ohùn mi sọ̀rọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Ohùn yẹn ni wọ́n fún ní ìkéde Bàbá Ràmátù. Àwọn ọmọ olóògbé fi ìkéde àdúrà ọjọ́ kẹjọ ránṣẹ́ lórí fóònù, láìsí àmì lórí rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé ọkọ rere ni. Ẹ̀rọ kò ka ọkọ. Nǹkan ọmọkùnrin ló kà, ó kà á ketekete, pẹ̀lú ọ̀yàyà tí mo fi máa ń kí yín. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n ní kó dúró sílé.

Ràmátù fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà wá sí iléeṣẹ́ rédíò láti òkè lọ́jọ́ kejì ìpè wa. Èmi àti òun la jọ lọ sílé ìwé, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní òun fẹ́ rí mi lójúkojú. Wọn kò rí mi fi hàn án, ni wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà hàn án. Aṣọ́nà ló pè mí tí mo fi sáré dé. Ó wò mí, ó bi mí pé ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra àwọn. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, mo tẹ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni, mo pa ẹnu mi dé. Ohùn mi jáde, ó ní Ràmátù, ẹ kú àtijọ́. Ó wo ẹnu mi, ó wo ẹ̀rọ, ó bú sẹ́kún.

Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì. Ràmátù ní wọn kò bú bàbá òun ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá yíjú sí mi pé kí n bá wọn ka àforíjì lórí afẹ́fẹ́. Mo ní ohùn mi kò ní ru ẹrù yìí lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbọ́ ọ títí dé òpin.

Wọ́n ti dá ìkéde padà sọ́wọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n ohùn mi ṣì ń kí àwọn olùgbọ́ láràárọ̀. Ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, nítorí náà ti iṣẹ́ ni. Ó ní kí n padà wá máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ohùn mi kúrò. Ó kọ̀, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Bùọ̀dá Sàmúẹ́lì, ẹ sọ lórí fóònù pé ìgbéraga ló ń dà mí láàmú, pé àwọn tó kàwé jù mí lọ ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí. Ṣé ẹ rí Màmá lórí ìkúnlẹ̀ ni? Ta ló kúnlẹ̀ nínú àwọn ará rédíò?

Ọgbọ́n tí mo kọ́ kò ṣòfò. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Felele tó ń fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ lórí fóònù ti gbà mí, kí n máa yẹ Yorùbá tí ẹ̀rọ bá kọ wò. Àwọn náà dán mi wò. Kí n tó la ẹnu, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa fi ìdáhùn mi ṣe sílẹ̀, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ẹ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ilé pé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, kí wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ dán wọn wò, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ mú lọ.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún mi. Orúnkún yín kò ní kanlẹ̀ mọ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ yín kò dá. Ẹ bá mi kí opó Bàbá Ràmátù, ẹ kí Ràmátù, ẹ kí gbogbo ará òkè. Màmá, bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi lórí rédíò tó ń kí yín, ẹ má dáhùn. Bí mo bá fẹ́ kí yín, màá pè yín, màá sì pè yín ní orúkọ tí èmi nìkan máa ń pè yín. Ìyẹn nìkan ni n kò kà fún wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀