Ẹní Tó Dí Èémí Ilé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Alhája Mùnírátù, ẹ̀yin tí ẹ di ìyá fún mi nígbà tí ìyá wa lọ. Mo kí gbogbo agboolé wa l'Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àgbà àti ọmọdé. Ẹ ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: Sìdíkátù ìyàwó mi kú lọ́jọ́ Jímọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni. Ilẹ̀ tí a sin ín sí le bí òkúta, ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Ẹ mọ̀ pé n kò kàwé. Rìsíkátù, àkọ́bí wa, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Òtútù Kánádà yìí kì í ṣe ti ọyẹ́. Bí ènìyàn bá sunkún níta, omi ojú a di yìnyín lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ti ṣe mí rí. L'Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, bí ènìyàn bá kú, àwọn aládùúgbò á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilẹ̀kùn wọlé. Níbí, ẹnìkan ṣoṣo ló wá. Ó gbé kéèkì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sá lọ bí ẹni tó jí i gbé.

Nígbà tí ẹ pè wá lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, ẹ ní a kò gbọdọ̀ ká ẹní àdúà títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, pé bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ìyá wa. Mo gbà. A tẹ́ ẹní ká pálọ̀, a sì tẹ́ ẹní ìkírun Sìdíkátù gan-an sí ààyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná ti ń ya wèrè. Abẹ́ ilé ló wà, gáàsì ló ń jó nínú rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ooru sí gbogbo yàrá. Ó yẹ kó tàn, kó pẹ́, kí ilé móoru kó tó sinmi. Àmọ́ yóò tàn, kí ọwọ́ mi tó móoru, ó ti kú. Yóò tún tàn. Yóò tún kú. Rìsíkátù ní bóyá asẹ́ tó ń gba eruku nínú rẹ̀ ló dọ̀tí. A pààrọ̀ asẹ́, kò gbọ́. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ náà ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ó ní kí n yé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

A pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó bọ́ bàtà kó tó tẹ ẹní, ìyẹn dára lójú mi. Ó bi wá pé kí ló wà lábẹ́ ẹní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ihò ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ihò ńlá tí wọ́n fi irin oníhò wẹ́wẹ́ bò, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ padà. Sìdíkátù máa ń ká ẹní rẹ̀ lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan. Àwa la tẹ́ ẹ tí a fi sílẹ̀. Bí ìgbà tí ènìyàn fi àkísà dí imú jẹnẹrétọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ kò wọlé, ooru gbé sínú, ẹ̀rọ wá ń pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná. Bó bá tutù díẹ̀, á tún tàn. Oníṣẹ́ náà ní bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, irin inú rẹ̀ lè là, kí èéfín olóró wọ yàrá, kí ẹni tó sùn má jí mọ́. Àwọn ọmọ Rìsíkátù ń sùn nínú ilé yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ilé yín. Ilẹ̀ ilé yìí ń mí. Ẹ má bínú, ẹ má sì pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí: ogójì ọjọ́ kò tíì pé, ẹní náà á kúrò. Rìsíkátù ní ká kàn sún un. Sísún, kíká, ọ̀kan náà ni. Ẹnìkan á fọwọ́ kàn án. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ká a, mo tún dìde pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Ibi tí iwájú orí Sìdíkátù máa ń kàn lára ẹní náà ti gbó.

Ọlọ́run á dá yín sí. Kó má jẹ́ kí ẹ gbọ́ irú ìròyìn yìí lẹ́nu mi mọ́. Ẹ bá mi kí àwọn tí wọ́n máa ń ta wàrà pẹ̀lú Sìdíkátù tẹ́lẹ̀ l'Ókè Àrin. Ẹ sọ fún wọn pé a kírun sí i lára dáadáa kó tó wọlẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín, Lásísì.

Rìsíkátù, bí o bá ti kọ orúkọ mi tán, fi bírò sílẹ̀. Ìwọ ni àkọ́bí rẹ̀. Lọ ká ẹní ìyá rẹ.