Apá Jalamíà Tí Ẹ Fi Ń Gba Owó Iná

Bàbá mi, ẹni tí ojú mi ṣì ń wá lẹ́nu ọ̀nà,

Ẹ ò fẹ́ràn ìkíni gígùn, èmi náà ò ní sùúrù rẹ̀. Ara mi le. Mo ṣì wà nínú yàrá mi ní Al-Sabeel ní Jẹ́dà, mo ṣì ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Al-Mahjar, mo sì ń bá àwọn awakọ̀ jà lójoojúmọ́ nítorí pé wọ́n ń pẹ́. Bó bá ti di ọ̀sán Ọjọ́rú, mo máa ń wọ ọkọ̀ wá sí Mẹ́kà, sí ilé yín ní Ar-Rusaifah. Orí ibùsùn yín ni mò ń sùn. Mi ò tíì lè gbé bàtà yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo ṣe àṣìṣe kan nínú ilé yín. Mo ti tún un ṣe, àmọ́ ohun tí mo rí níbẹ̀ ju mí lọ, mi ò sì mọ ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin yín, Àlàájì Múdà tó ń lẹ táìlì, tó ń gbé nísàlẹ̀, gbé apá jalamíà kan lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé ohun ìrántí ni. Àṣé àpò owó iná ni. Ẹ ti gé e kúrò lára jalamíà yín àtijọ́, ẹ rán ẹnu ọwọ́ rẹ̀ pa, ẹ fi ìhà èjìká rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹbí mẹ́jọ ló ń gbé ilé náà, mítà iná kan ṣoṣo la sì ní. Kí oṣù tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ń gbé apá jalamíà yẹn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan á di ẹ̀ṣẹ́, á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgbúnwọ́, á sì fa ọwọ́ yọ ní ṣíṣí. Ẹ̀yin á ti kọjú sí ògiri. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ fi síbẹ̀. Bí ìwé owó iná bá dé, ẹ ó gbé owó náà lọ sí báńkì, ẹ ó san án, ó parí.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi rí? Ṣé ẹ mọ̀ pé màá rẹ́rìn-ín ni?

Mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ẹ forí jì mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ òwò ní Ìwó. Mo bi Àlàájì Múdà pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí kò san.

“A kì í mọ̀ ọ́n.”

“Bí ẹnì kan ò bá wá fi nǹkan kan síbẹ̀ ńkọ́?”

“Ọ̀gá Oníṣirò, ọwọ́ rẹ̀ á wọlé, ọwọ́ rẹ̀ á jáde. Àbí o fẹ́ ká máa ka eyín ara wa ni?”

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú bí mi.

Ẹ mọ̀ mí, mi ò fi falẹ̀. Mo lọ wádìí iye tí wọ́n ń ta iná káàkiri. Onílé mi ní Al-Sabeel ń gbowó ṣáájú lórí ohun tí o ní: iye kan fún fáànù, iye kan fún fíríìjì, èyí tó ga jù fún ẹ̀rọ amúlétutù. Ó dájú, àmọ́ ó ń jèrè lórí wa. Ní Al-Mahjar, ọkùnrin kan ń fi jẹnẹrétọ̀ ta iná fáwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún un ṣáájú. Ọjọ́ tí owó rẹ bá tán ni yóò yọ wáyà rẹ. Òun ló wọ́n jù. Ti iléeṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ ló rọ̀ jù, àmọ́ owó rẹ̀ dà bí àtẹ̀gùn. Ìwọ̀nba iná tí o bá kọ́kọ́ lò, pọ́ọ́kú ni. Bí o bá ṣe ń lò ó sí i ni owó rẹ̀ ń gun òkè. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé nǹkan bàjẹ́. Ẹbí mẹ́jọ lórí mítà kan, a ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn dókè kí oṣù tó dé ìdajì. Bí olúkúlùkù bá ní mítà tirẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò kúrò nísàlẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ńṣe ló dà bíi pé mo hú ìṣúra.

Ìwé mítà tuntun á pẹ́ ní ọ́fíìsì, mi ò sì lè dúró. Mo kọ́kọ́ lẹ ìwé mọ́ ara ògiri nísàlẹ̀, ní Yorùbá àti Lárúbáwá: fáànù, iye báyìí, fíríìjì, iye báyìí, orúkọ ẹbí kọ̀ọ̀kan, àti àyè tí wọ́n á ti fàmì sí i bí wọ́n bá san. Mo ká apá jalamíà yín, mo fi í sínú àpótí.

Gbogbo wọn san iye tó wà lára ìwé. Kò lé, kò dín. Mo yọ̀. Ìgbà tí ìwé owó iná dé, owó wa ò tó o. Mo tún un ṣírò, mo wá rí i: iná orí àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó san tiwọn. Mo lọ bá Àlàájì Múdà pé kó fi díẹ̀ kún un. Kò bínú. Ó mú mi lọ sídìí ìwé náà jẹ́jẹ́.

“Mo ti san tèmi, Ọ̀gá. Àmì mi nìyí.”

Bàbá, èébú ì bá sàn.

Mo tún rí i lára ìwé yẹn pé Àlàájà Mọ́ríámọ̀, opó tó ń gbé lókè yàrá yín, tó ń ta tẹ̀sùbáà fáwọn àlejò Ọlọ́run tó wá ṣe Háájì, ti fagi lé fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo gòkè lọ wò ó. Ilẹ̀kùn fíríìjì wà ní ṣíṣí, aṣọ tí wọ́n ká ló wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tó ń gún lójoojúmọ́ wà nínú ìkòkò amọ̀, nínú ọ̀rá, wọ́n fi aṣọ tútù bò ó. Ooru ọjọ́ yẹn ń sun ògiri. Ó dìde, ó ń wá ife tí yóò fi bu tíì fún mi.

“Àlàájà, ṣé fíríìjì bàjẹ́ ni?”

“Kò bàjẹ́, ọmọ mi. O kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, mi ò ní in, mo pa á.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Tẹ́lẹ̀, kò di dandan kí n sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí Àlàájì Múdà jẹ́ ká tètè lọ gba mítà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó lè rọ gbogbo wa lọ́rùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

“Bàbá rẹ ti gbé fọ́ọ̀mù yẹn wá rí. Orí àtẹ̀gùn yìí ló ti ṣírò rẹ̀ fún wa. A mọ̀ pé á dín owó kù.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Ìyàwó mi bi í pé, ọjọ́ tí iná ilé ẹnì kan bá kú, tí tiwa ń tàn, ojú wo la ó fi wò ó? Bàbá rẹ ní òun á fi fọ́ọ̀mù náà dí fèrèsé òun tó fọ́.”

Mo wọ yàrá yín, mo wò ó. Ó ṣì wà níbẹ̀, oòrùn ti sọ ọ́ di pupa. Mo jókòó sílẹ̀. Ẹbí mẹ́jọ gbọ́ iye owó méjèèjì, wọ́n fi ojú wọn tó là yan èyí tó wọ́n. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi ní irú ìyẹn.

Mo ya ìwé mi kúrò lára ògiri. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé apá jalamíà yín dìde. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, mo kọjú sí ògiri bí ẹ ti máa ń ṣe. Mo ń gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ń ha aṣọ bó ti ń wọlé. Ó rí lára mi bó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kan Kábà. Nígbà tí mo da owó náà sórí ẹní yín, ó san gbèsè oṣù tó kọjá, ó san ti oṣù tuntun, ó tún ṣẹ́kù. Mi ò mọ ọwọ́ tó ṣe é.

Mo wá ṣe ìṣirò kan tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣe. Mo mọ owó oṣù yín nídìí bọ́ọ̀sì iléèwé tí ẹ ń wà. Mo mọ owó ilé yín. Mo mọ owó iléèwé mi fún ọdún mẹ́rin, tí kì í pẹ́ kó tó dé Ìwó, tí wọn ò lé mi síta rí nítorí rẹ̀. Mo yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá, kò ku ohun tí ẹ lè fi sínú apá jalamíà yẹn.

Ṣé ẹ̀ṣẹ́ òfìfo lẹ dì fún ọdún mẹ́rin? Ta ló fi tiyín kún tirẹ̀? Ṣé Àlàájì Múdà ni? Ṣé Àlàájà ni, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé? Mi ò lè bi ẹnì kankan nínú wọn, nítorí wọn ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ rán an kó má ṣeé mọ̀.

Lóṣù yìí, èmi ni mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kẹ́yìn, títí dé ìgbúnwọ́. Kò sẹ́ni tó wò mí.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jímọ̀ dé ni. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ fíríìjì Àlàájà tó ń kùn lórí àjà.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ilé yìí rán níléèwé, tí kò sì mọ̀ títí ẹ fi lọ.