Ohun Tó Jẹ Ẹ̀gẹ́ Màmá

                                        Abúlé Kachere,
                                        Chintheche,
                                        Nkhata Bay.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 1998.

Yotamu, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Òtútù ìlú Joni ńkọ́, ṣé ó ti ń rọlẹ̀? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀, ṣé o sì ń jẹun dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ kùsà? Àwa náà wà. Àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé. Ilé nìkan ló fẹ̀ jù fún mi látìgbà tí Màmá ti lọ. Mo ṣì máa ń gbé omi ìwẹ̀ wọn kaná láàárọ̀ kí n tó rántí.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní o ń bọ̀ nígbà Kérésì, pé wàá gba Nkhotakota kọjá láti tún ra igi ẹ̀gẹ́, àti pé kí NyaLongwe ti kó kúrò lábúlé kí o tó dé. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ ka èyí dé ìsàlẹ̀ kí inú tó bí ọ.

O kò sí níbi ìsìnkú lọ́dún tó kọjá, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Ẹ̀gẹ́ Màmá la wú láti fi bọ́ àwọn tó wá bá wa dárò. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, igi rẹ̀ ga jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ ti pọ́n, ó gbẹ, ó le bí èèpo igi. A la òmíràn, bákan náà ni. Àǹtí NyaMwale, àbúrò Bàbá, ló kọ́kọ́ la ẹnu: "Ẹ ò rí i? Ohun tó jẹ ẹ̀gẹ́ ló jẹ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́."

Gbogbo ojú bá yí sí NyaLongwe. Òótọ́ ni pé ọ̀rẹ́ Màmá ni, odó kan náà ni wọ́n jọ ń gún. Ṣùgbọ́n ààlà lásán ló pín oko wọn, tirẹ̀ kò sì ṣe nǹkan kan. Òun ló ń wẹ Màmá nígbà tí inú ń run wọ́n. Àti pé nígbà tí o gbé ìdì igi ẹ̀gẹ́ wá láti Nkhotakota lọ́jọ́sí, tí Màmá fẹ́ fún un ní ìdajì, kò gbà á. Ó ní òun kì í gbin igi tí òun kò mọ ìyá rẹ̀. Àǹtí ní, "Kí ló mọ̀ tó fi kọ̀ ọ́?" Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá bá mi nílé. Kò jókòó. Ó ní, "Temwa, wọ́n ní mo ri nǹkan mọ́ oko ìyá rẹ. Ó dáa. Mú igi tèmi, gbìn ín síbẹ̀. Èmi á mú tiyín, màá gbìn ín sáàárín oko mi. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló ní nǹkan nínú, ó yẹ kó jẹ tèmi náà."

Mo ní, "Bí ẹ bá wá fà á tu lóru ńkọ́?"

Ó ní, "So okùn mọ́ ọn lọ́rùn bí ewúrẹ́, kí o sùn tì í."

Mo so òwú mọ́ ọn lóòótọ́. Ní gbogbo ìgbà òjò yẹn, mo ń ṣọ́ ọ. Bó bá kí mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti já ewé ọbẹ̀, màá dúró sẹ́yìn igi máńgòrò títí yóò fi lọ. Bó bá fi ẹja usipa ránṣẹ́ sáwọn ọmọ, ajá ni mò ń fún. Ajá náà sanra.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wú méjèèjì lójú baálẹ̀. Igi rẹ̀ tó wà nílẹ̀ Màmá ta dáadáa, inú ẹ̀gẹ́ náà funfun báláú. Tiwa tó wà nílẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n bíi ti ọjọ́ ìsìnkú gan-an. Àǹtí pariwo: "Obìnrin yìí gbọ́n o! Ó ti kó o kúrò nínú ilẹ̀, ó ti tì í sínú igi!"

Mo bá lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Msiska, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Chintheche. Òun náà kọ́kọ́ fu mí lára, torí kò tiẹ̀ wo ilẹ̀ rárá. Ewé ìsàlẹ̀ ló ń yí wò. Ó fi àwọn ìlà tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ewé hàn mí, èyí tí a máa ń sọ pé ogbó ni. Ó ní àìsàn ni, inú igi ló ń gbé; ẹni tó bá gbin igi náà ti gbin àìsàn. Àwọn eṣinṣin funfun tíńtìntín abẹ́ ewé ló sì ń gbé e lọ sára èyí tó wà nítòsí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ó wá bi mí níbi tí Màmá ti rí igi náà.

Yotamu, ìdì tí o gbé wá ni. Ìwọ kò mọ̀, Màmá kò mọ̀. Ewé rẹ̀ dára lójú gbogbo wa. Inú Màmá dùn débi pé wọ́n fa ti àtijọ́ tu dànù, wọ́n ń pè é ní ẹ̀gẹ́ ọmọ mi. Má torí ẹ̀ sunkún. Ìfẹ́ lo fi rù ú wá.

Mo mọ̀ pé wàá ní wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ. Lóòótọ́, mo jẹ òkèlè kondowole àti ewé ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́pà nílé Màmá NyaLongwe lánàá, ọwọ́ tí mo fi jẹ ẹ́ náà ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Ohun tó pa ìyá wa, n kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gẹ́ kò lè sọ ìyẹn fún wa. Ọkàn mi ṣì máa ń fura lóru, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí yóò nàka sí mọ́. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ orí ebè wọn tó yí igi wa ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n nínú. Kí wọ́n lè wẹ orúkọ wọn mọ́, wọ́n gba àìsàn wa sínú oko wọn.

Màmá NyaLongwe ní kí n má sọ fún ọ. "Ọmọ tó ru ẹrù wá fún ìyá rẹ̀, kí la fẹ́ bi í?" Ṣùgbọ́n o tún fẹ́ ra òmíràn bọ̀, kò sí bí mo ṣe lè dákẹ́. Má rà á. Mo ti fa tiwa tu, mo ti dáná sun ún.

Baálẹ̀ ní ìwọ ọkùnrin ilé lo ní kí wọ́n lé obìnrin náà, ìwọ nìkan lo lè ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àǹtí ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ kiri. Òjò sì ti ń ṣú. Gbogbo obìnrin ti wà lóko, wọ́n ń kọ ebè. Màmá NyaLongwe nìkan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn kò lè gbin ohun tí ẹlòmíràn máa wú. Kọ̀wé sí baálẹ̀ kí ilẹ̀ tó rọ̀.

Bá mi kí àwọn ará wa ní Joni. Àwọn ọmọ ní kí o rọra máa wọ inú ihò kùsà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,

Temwa.