Èdè tí mo rò pé Sàfíyà ò gbọ́

Ọjọ́rú, Sinkor

Abẹ́rẹ́ náà wọlé nígbẹ̀yìn. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná.

Àìsàn iṣan tó ń bá Sàfíyà jà ti jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, kò sì rọrùn láti rí àlàfo tí abẹ́rẹ́ oògùn lè gbà wọ inú ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Benson Street, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìlú àjèjì yìí ni wọ́n bí ọmọ náà sí, Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa ń bá mi sọ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tún kan egungun, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Mo wá fi Yorùbá sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá, mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́."

Mo parí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni Sàfíyà fi Yorùbá tó já gaara bi mí pé:

"Dókítà, ẹ̀yìn ta lẹ sọnù sí?"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Kí abẹ́rẹ́ kan egungun kì í ṣe ìtìjú. Irọ́ tí mo pa fún un pé ó kù díẹ̀ ni ìtìjú. Èmi tí mo máa ń ya àwòrán fún aláìsàn, tí mo ń ṣàlàyé títí wọ́n á fi ní ó tó...

Mo bẹ Sàfíyà. Mo bi í bóyá yóò padà wá gba àwọn abẹ́rẹ́ tó kù, torí tí kò bá wá, ọwọ́ tó fi ń jẹun náà lè rọ.

"Màá wá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún sọnù, èmi ni kẹ́ ẹ sọ fún. Kì í ṣe Màmá ló dùbúlẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo tún fi sọ ọ́.