Sítáǹbù Tí Bàbá Rẹ Lẹ̀ Mọ́ Àwòrán Gbọ̀ngán

Larysa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní ìlú Saskatoon? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òtútù ọdún tó kọjá gbé wa lọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ara wa le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí náà ni mò ń dìde lọ yọjú lójú fèrèsé, kí n lè mọ ibi tí bàbá rẹ wà.

Inú gbọ̀ngán ìjọ wa ni Kalyna, ọmọ àbúrò mi, fẹ́ ti ṣe ìgbéyàwó. Ọkùnrin tí ìjọba ń rán wá yẹ ilé wò ní yìnyín ti tẹ òrùlé wọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn pa, ó ní àfi kí ẹnjiníà tó ní láísẹ́ǹsì lu sítáǹbù sí àwòrán àtúnṣe tí bàbá rẹ yà. Bàbá rẹ ní ṣé ìyẹn náà ni wàhálà, òun bí ẹnjiníà! Gbogbo abúlé ló ti sọ fún kó tó pè ọ́. Ìgbà tí o wá ní o kò tíì gba láísẹ́ǹsì, pé abẹ́ ọ̀gá lo ṣì wà, ìdánwò ṣì kù, kò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ tán. Ó ní lẹ́yìn gbogbo ọdún tí o lò ní yunifásítì, o ṣì ń kọ́ṣẹ́? Ó ní Wasyl aládùúgbò wa ń gbẹ̀bí màlúù láti kékeré, ta ló béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀?

Èmi rò pé bóyá wọn ò mọ̀ ọ́ dáadáa ni. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, mo ní o kì í purọ́, ìwọ lo tún ilé adìyẹ wa ṣe, kò sì sí adìyẹ tó kú síbẹ̀ àfi èyí tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé. Wọn kò tíì dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ ní tó bá jẹ́ sítáǹbù nìkan ni, kò le. Ó lọ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ra èyí tó rẹwà jù, tó ní àwòrán ẹyẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà. Ọkùnrin ìjọba wò ó títí, ó ní, Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi gbọ̀ngán ránṣẹ́ ni?

Inú bí i. Ní Sátidé ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó ní òun máa jó lábẹ́ òrùlé náà kí gbogbo ayé rí i pé kò sí ohun tó ń ṣe é. Èmi àti Wasyl ń bẹ̀ ẹ́ láti ìta. Ó ju ẹsẹ̀ díẹ̀, ó dúró, ó ní òun gbọ́ nǹkan tó ń ké. Kò tíì jáde tán tí igi àjà fi ya lulẹ̀, tó rún tábìlì tí ìyàwó ì bá jókòó sí wómúwómú. Eruku bo irunmú rẹ̀. Mo se pyrohy, oúnjẹ tí kì í kọ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ti gbé ìgbéyàwó lọ sí ilé ìwé. A ń dáwó jọ fún ẹnjiníà tó ní láísẹ́ǹsì tí yóò wá wo ìyókù. Tí dọ́là díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, àmọ́ má fi gba inú fóònù bíi ti ọjọ́sí. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Larysa, má fọwọ́ sí ohun tí kò tíì tó àkókò o, ẹni yòówù kó bẹ̀ ọ́, ìbáà ṣe èmi. Ọlọ́run á jẹ́ kí o yege. Ilé tí o bá fọwọ́ sí kò ní wó pa ọmọ ọlọ́mọ.

Láàárọ̀ yìí bàbá rẹ bi mí bóyá ìdánwò yẹn le. Mo ní kó bi ọ́ fúnra rẹ̀. Tó bá pè ọ́ tí o kò gbọ́ nǹkan kan, má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ ló ń wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Stefania