Kíndìnrín Karimat Tí Wọ́n Fẹ́ Ya

Mikail ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ìlú onílùú gbé ọ mì. Gbogbo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì ń kí ọ. Ìyá rẹ náà ń kí ọ, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀dọ̀ mi kí ọ, torí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mú Karimat sá kúrò ní ọsibítù.

O mọ̀ pé Dókítà Hilda ní lúpọ́ọ̀sì ni àìsàn àbúrò rẹ ń jẹ́, pé àwọn sójà inú ara rẹ̀ ló kẹ̀yìn sí i tí wọ́n ń bá a jà. Mo ní ta ni ọ̀gá wọn, kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, dókítà wá ní ó jọ pé ìjà ti dé kíndìnrín, kí àwọn ya á. Ìwọ náà tẹ̀ mí láago, o ní kí n jẹ́ kí wọ́n ya á kíákíá.

Aránṣọ ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń ya aṣọ ní Bẹẹrẹ, mo sì mọ̀ pé ohun tó bá ti ya, bó ti wù kí a rán an tó, ojú rírán á hàn. Mo rò ó pé bóyá èmi ni mi ò gbọ́ dáadáa, mo wá bi nọ́ọ̀sì pé tí wọ́n bá ya á tán, ṣé wọ́n á rán an padà? Ó ní rárá o, Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ sílé. Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, ó di ilé.

Wíwú ẹsẹ̀ náà ń gòkè sí i. Bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́, ojú rẹ̀ náà kún. Karimat wá bi mí pé kí ni mo tilẹ̀ rò pé wọ́n fẹ́ ṣe fún òun. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún, tàbí ẹkún ló kọ́kọ́ sun, kò yé mi. Ó ní Bàbá, fọ́tò ni! Pé wọn kò ní gé nǹkan kan lára òun.

Wọn ì bá ti sọ pé fọ́tò ni! Mo rán búbà tuntun fún un, mo ní kó lé tìróò, a wá padà sí ọsibítù. Ẹni tó ya á kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní kó dojú bolẹ̀, ó ká búbà mi sókè, ó fi nǹkan tútù tó ń yọ̀ pa á lẹ́yìn, ó wá ń fi irin kan rìn lórí rẹ̀. Mo ní kí Karimat rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yìn òun ni wọ́n ń yà, Bàbá.

Fọ́tò náà dúdú. Mo fi han Nojeem onífọ́tò àdúgbò wa, ó ní iná ló kéré. Dókítà ní kíndìnrín ti wú, ṣùgbọ́n kò tíì súnkì, oògùn ṣì lè ràn án, ó kàn ní ì bá dáa ká ti tètè dé. Ojú ń tì mí, mi ò lè wò ó. Ó ní fọ́tò kò sì lè sọ irú ìjà tó ń lọ nínú níbẹ̀ tán, òun ṣì fẹ́ fi abẹ́rẹ́ bu bíńtín níbẹ̀ wò. Mo ní ṣé abẹ́rẹ́ lásán? Mo fọwọ́ sí i kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni. Jọ̀ọ́, fi owó abẹ́rẹ́ náà ránṣẹ́. Ọlọ́hun á fi kún tìrẹ, kò sì ní jẹ́ kí àìgbọ́ mi di ikú ọmọ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàláúdéènì